Ilé Ọba Tó Jó, Ẹwà Wo Ló Bù Sí I?

Ní ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jọ lọ sí ààfin Ọwá Obòkun ní Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n a ti mọ ara wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó sì ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà dé nígbà náà. Àìsàn ọkàn ni ó gbé e lọ sí ọ̀hún, bí àìsàn ti ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un rìn káàkiri kí wọ́n tó padà wálé. Láti ìgbà tí ó ti dé, ọ̀rọ̀ ààfin ni ó kún ẹnu rẹ̀.

Ó sọ fún mi nípa Taj Mahal ní ìlú Agra, sàréè tí ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1632 fún olorì rẹ̀ Mumtaz Mahal tí ó kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó sọ fún mi nípa Hawa Mahal ní Jaipur, tí wọ́n kọ́ ní 1799, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ 953, tí atẹ́gùn ń gba gbogbo wọn wọlé, tí àwọn obìnrin ààfin sì ń ti ẹ̀yìn wọn wo ìgboro láìjẹ́ pé ojú ará ìgboro tó wọn. Ṣùgbọ́n ààfin Mysore ni ó gbà á lọ́kàn jù. Ó ní bí wọ́n bá tan iná ara rẹ̀ lálẹ́, tí gílóòbù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000, ènìyàn yóò rò pé ìràwọ̀ ni ó sọ̀kalẹ̀ wá bá ọba ṣeré.

Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni a gba Èréjà kọjá, tí a sì wọ ojúde Ọwá. Ẹmẹsẹ̀ àgbà kan gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó mú wa wo ibi tí ojú àlejò lè tó. Ó fi ilé ìgbàlódé hàn wá, ó sì mú wa lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ó ti ń dárúkọ àgbàlá fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn ìjòyè kan ń dúró, ibi tí a kì í wọ bàtà dé, ibi tí ó jẹ́ pé bí a kò bá ṣe ohun kan níbẹ̀, ọdún kò tíì pé. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo páànù. Nígbà tí ó yá, ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní: “Ọ̀mọ̀wé, ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?”

Ẹmẹsẹ̀ àgbà gbọ́. Inú kò bí i. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ẹ bá kó wá síbí ni ẹ ó bá níbí.”

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá sọ gbólóhùn tí ó jẹ́ kí n mú gègé. Ó ní àwọn ará Íńdíà ti ń kọ́ ààfin nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń gbé inú ahéré. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ti dàgbà láàrin wa, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Bí mo bá dákẹ́ níwájú ọ̀rẹ́, n kò ní ẹnu láti fi bá ọ̀tá sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò sọ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí kò dára. Ẹni tí kò bá lè yin iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ kò tíì là tó láti mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́ baba tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni Ìjẹ̀ṣà máa ń pè ní Obòkun? Ajíbógun ni, ẹni tí ó rin ìrìn-àjò dé òkun láti lọ bu omi tí wọ́n fi la ojú Odùduwà bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìrìn-àjò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó dé òkun tí kò bu omi bọ̀, tí ó wá ń fi ojú bàbá rẹ̀ tí ó fọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni mo bá wí.

Kí ni omi tí ó yẹ kí á bù bọ̀ láti Íńdíà? Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, àwọn ọba tí ó wà nílẹ̀ náà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè tuntun. Ní 1971, ìjọba fi àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ wọn, ó sì dá owó tí ó ń san fún wọn lọ́dọọdún dúró. Lójú òfin, kò sí ọba mọ́ ní Íńdíà. Síbẹ̀, àwọn ààfin ńlá wọn wà níbẹ̀, àwọn kan di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn kan di hòtẹ́ẹ̀lì tí àjèjì ń sanwó gọbọi kí wọ́n tó sùn níbẹ̀, àwọn àrọ́mọdọ́mọ ọba sì ń gbé inú àwọn mìíràn títí di òní.

Àwa ńkọ́? Àwa kò gba oyè lọ́wọ́ ọba kankan. Ọba wà lórí ìtẹ́ ní Iléṣà, ọba wà ní Òṣogbo, ọba wà ní gbogbo ìlú tí ó wà láàrin wọn, a sì tún ń dá ọba tuntun sílẹ̀ ní àwọn abúlé tí kò ní rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin dà? Íńdíà gba adé, ó dá ààfin sí. Àwa dá adé sí, a wó ààfin. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wa. Kì í ṣe ti ọgbọ́n ilé kíkọ́ rárá.

Ọgbọ́n náà wà nílẹ̀ yìí, ó sì jinlẹ̀. Ààfin Yorùbá kì í ṣe ilé kan tí ó ga fíofío. Ìlú kékeré tí ó wà nínú ìlú ńlá ni, odi tirẹ̀ yí i ká. Àgbàlá ni ó so ó pọ̀, àgbàlá kan ń bí òmíràn. Bí ènìyàn ti ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni iye àwọn tí wọ́n lè bá a dé ibẹ̀ ń dín kù, títí yóò fi kan ibi tí ó jẹ́ pé ọba àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí agbára ti pín láàrin ọba àti ìjòyè ní ìlú kan, kí ó wo àgbàlá tí oníkálukú ń jókòó sí. Ilé tí ó yí àgbàlá ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òpó gbé ró, oòrùn kò lè jó ẹni tí ó jókòó níbẹ̀, òjò kò sì lè pa á. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gba ojú ọ̀run wọlé. Omi òjò ń ti orí òrùlé ṣàn sí àárín, wọ́n ń fi ìkòkò gbè é, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ń gba ojú àgbàrá jáde. Kọ̀bì tí ó yọ síta láti ara ògiri, àmì ọba ni. Aráàlú lásán, bí ó ti wù kí ó lówó tó, kò jẹ́ ṣe é sí ilé tirẹ̀. Ní ilẹ̀ ẹgàn bíi ti Ìjẹ̀ṣà, ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni, wọ́n sì sọ kíkó koríko náà wá fún ààfin di ọdún ńlá tí gbogbo ilẹ̀ ń dúró dè.

Ní Ọ̀wọ̀, àgbàlá ààfin Ọlọ́wọ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó wà ní pípé. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó kọ odidi ìwé lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá ní 1966. Ìwé náà wà. Ààfin mélòó nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó wà bí ó ti bá wọn? Kí ẹ̀gbọ́n mi sì tún mọ èyí: bí ó bá wọ inú àwọn ilé ńlá àtijọ́ ní agbègbè Jaipur, àgbàlá ni yóò bá láàrin wọn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí tiwa ń ṣe, tí ó ń fa atẹ́gùn sínú ilé, tí ó sì ń ya àwọn tí ó wà nínú ilé sọ́tọ̀ kúrò lójú ìta. Ohun tí ó rìn dé Íńdíà kí ó tó yìn, ẹ̀yìn ilé baba rẹ̀ ni ó wà.

Ṣé àwọn àgbà ní, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ni àwọn tí ń wó ààfin fi ń bo ara wọn láṣọ. Bí wọ́n bá ti gbé katakata wọ àgbàlá, wọn a ní ẹwà ni àwọn fẹ́ bù sí i. Ẹ jẹ́ kí á bi òwe náà léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Kò sọ pé kí á lọ dáná sun ilé ọba. Ó sọ pé bí àjálù bá dé, tí iná bá jó ilé ọba, gbogbo ìlú yóò péjọ, oníkálukú yóò mú ohun tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ wá, ilé tuntun yóò sì dára ju ti àná lọ nítorí pé ọwọ́ gbogbo ìlú wà nínú rẹ̀. Òwe àtúnkọ́ ni, kì í ṣe òwe wíwó.

Mo ní ẹ̀rí méjì. Ní 1912 ni iná jó ààfin Alààyè ní Ẹ̀fọ̀n, ìlú tí ó bá Ìjẹ̀ṣà pààlà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì pe Agbọ́nbíọ̀fẹ́ agbẹ́gilére kí ó wá gbẹ́ òpó sí i. Òpó tí ó gbẹ́ nígbà náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọnà ní àgbáyé máa pe orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀rí kejì, Íńdíà tí ẹ̀gbọ́n mi ń yìn gan-an ni. Ààfin Mysore tí ó rí kì í ṣe àtayébáyé. Igi ni wọ́n fi kọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Iná jó o ní 1897, wọ́n sì parí èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí ní 1912, ọdún kan náà tí ti Ẹ̀fọ̀n jó. Òyìnbó ni ó yàwòrán rẹ̀, Henry Irwin ni orúkọ rẹ̀. Òkúta àti irin ni wọ́n lò, wọ́n mú ọnà àwọn Híńdù, ti Mùsùlùmí àti ti Òyìnbó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó kò ní ṣì í pè ní ilé ìfowópamọ́. Ilé ọba wọn jó, ẹwà bù sí i. Ilé ọba tiwa kò jó, àwa ni a wó o. Ẹwà wo ni ó bù sí i?

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń ti ọ̀nà jíjìn sọ òkò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Ní 1997, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ààfin ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, olorì ọba tí ó ti wàjà, tí ó mọ oríkì gbogbo ọba ìlú náà. Kò lè jókòó kéwì. Ó ní láti dìde, kí ó lọ sídìí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òpó kan, kí ó ki ọba tí ó rì í mọ́lẹ̀, kí ó tó kọjá sí òmíràn. Òpó mọ́kànlá ni. Obìnrin tí ó pọn ọmọ ni wọ́n gbẹ́ sí ara ọ̀kan, ọdẹ tí ó gun ẹṣin ni wọ́n gbẹ́ sí ara èkejì. Mo gba ohùn ìyá náà sínú téèpù mẹ́rin, inú mi sì dùn pé mo ti kó ìṣúra.

Mo padà síbẹ̀ ní 2009. Ilé alájà funfun ni mo bá, gíláàsì rẹ̀ ń kọ mànà. Ìyá àgbà ti lọ. Mo bèèrè òpó. Ẹni kan ní ikán ti jẹ wọ́n. Ẹlòmíràn ní wọ́n fi dáná nígbà tí wọ́n ń se oúnjẹ ìwúyè. Ẹnì kẹta ní àwọn kan wá fi ọkọ̀ kó o lóru. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní ìlú náà, mo rí obìnrin tí ó pọn ọmọ. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n ti kan páànù mọ́ ọn lórí, ó ń gbé àtíbàbà ẹni tí ń lọ ata ró. Epo ata ti rin gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

N kò bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé èmi náà jẹ̀bi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà láàrin òpó wọ̀nyẹn, n kò ya fọ́tò kan ṣoṣo. Lójú mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti téèpù náà sí i lónìí, mo ń gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà ti ń dún lára igi, mo ń gbọ́ tí ó ń sọ pé “èyí tí ẹ ń wò yìí”, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ń wò mọ́. Ìdajì oríkì náà ti di àlọ́ àpamọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Bí ilé bá kú, kì í dá kú, ọ̀rọ̀ máa ń bá a kú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bi kíláàsì kan tí ó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì pé kí ni kọ̀bì. Wọ́n dákẹ́. Mo bèèrè àkọ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá irú oúnjẹ kan ni.

Àwọn tí ń wó ààfin kì í ṣe aláìlẹ́nu. Wọ́n ní àwáwí mẹ́ta, ó sì yẹ kí á dá wọn lóhùn.

Àwáwí kìíní ni pé amọ̀ ni tiwa, òkúta ni ti Íńdíà. Òjò kò lè ṣàìjẹ amọ̀. Òótọ́ ni pé òjò ń jẹ amọ̀. Àìbìkítà ni ó ń jẹ ẹ́ tán. Mọ́sáláṣí ńlá ìlú Djenné ní Mali, amọ̀ ni. Láti 1907 tí wọ́n ti tún un kọ́ ni gbogbo ìlú ti máa ń jáde lọ́dọọdún láti rẹ́ ẹ. Ní ìtòsí wa níbí, ní Àbọ́mẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, ààfin àwọn ọba Dahomey tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti àjọ UNESCO láti 1985. Àwọn baba wa pàápàá mọ̀ pé amọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín iṣẹ́ àtúnṣe ààfin fún àdúgbò àti abúlé, tí ẹni tí ń gé ewé fi yàtọ̀ sí ẹni tí ń po amọ̀. Nígbà tí páànù dé, ẹnikẹ́ni kò ní láti wá gé ewé mọ́. Ọjọ́ náà ni ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ ìlú, tí ó sì di ti ẹni tí ó bá gbé owó kalẹ̀.

Àwáwí kejì, ẹ̀sìn ni. Wọ́n ní àgbàlá àtijọ́ kún fún òrìṣà, ọmọ Ọlọ́run kan kò sì gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀. Ẹ wo Òṣogbo. Ó ti pẹ́ tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń jẹ Àtáọ́ja, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó ní kí wọ́n ro igbó Ọ̀ṣun di oko. Inú igbó náà ni ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà, níbi tí Lároóyè tẹ̀ dó sí kí wọ́n tó ṣí lọ sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ìyẹn ni pé àwọn ará Òṣogbo ti mọ̀ tipẹ́ pé a lè kọ́ ààfin tuntun kí á má sì pa ti àtijọ́ rẹ́. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀ Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá. Kì í ṣe ilé alájà ni wọ́n ń wá wò.

Àwáwí kẹta ni pé ayé ti di ayé sìmẹ́ǹtì. Èmi kò bá sìmẹ́ǹtì jà. Òṣogbo ni ẹ ó tún bá mi lọ. Lẹ́yìn tí Susanne Wenger, tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé sí ìlú náà, òun àti àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n jọ tún ojúbọ inú igbó náà kọ́. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n lò jù. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá a ṣe é ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni iṣẹ́ rẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà, ẹ̀yin ènìyàn mi! Irú ẹni tí kọngílá ń pè lóòjọ́ láti wá to búlọ́ọ̀kù ni. Wọ́n fi ọnà lé e lọ́wọ́, ó sì fi sìmẹ́ǹtì kan náà ṣe ohun tí àgbáyé ń wá wò. Ṣé sìmẹ́ǹtì ni ó wá kọ̀ láti jẹ́ kọ̀bì? Ṣé òun ni ó ní kí á má ṣe àgbàlá? Àwa ni a kò bi í.

Ó yẹ kí n fi òótọ́ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo sọ Íńdíà di ọ̀run. Àwọn náà ń wó. Ní December 1992, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wó mọ́sáláṣí àtijọ́ kan lulẹ̀ ní Ayodhya, ẹ̀mí púpọ̀ sì bá rògbòdìyàn rẹ̀ lọ. Ilé àtijọ́ tí ó ti di ilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá wọn kò níye. Kì í ṣe pé wọ́n sàn jù wá lẹ́dàá. Ohun tí wọ́n ní ni òfin tí wọ́n ń lò, láti ti 1904 tí àwọn Òyìnbó ṣe fún wọn títí dé ti 1958 tí àwọn fúnra wọn ṣe. Àwa náà ní òfin. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní 1953, wọ́n ṣe òmíràn ní 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun àjogúnbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹni tí ń wó ilé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìwé lásán ni.

Bí a kò bá sì mọ iyì tiwa, ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìlú Ọba rí i, ọkàn wọn fà sí i. Ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà ni àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, tí àwọn ènìyàn ń ti gbogbo ayé wá wò ó. Láti ọjọ́ náà ni àwa ti ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ń fi ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ gba àga. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé lónìí, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fún wa ní àga mọ́.

Kí ni kí á ṣe? Èmi kò sọ pé kí ọba máa sùn sábẹ́ òrùlé tí ń jò. Bí ọba bá fẹ́ ilé tuntun, kí wọ́n kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ilẹ̀ ààfin fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri kan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀, kí wọ́n gba orúkọ àgbàlá kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń dáwó fún àpèjẹ lọ́dọọdún yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún òrùlé ààfin, kí wọ́n sì tún pín iṣẹ́ náà fún àdúgbò bíi ti àtijọ́. Ní Iléṣà, àkókò rẹ̀ gan-an nìyí. Ọba Adékúnlé Aromọláran Kejì wàjà ní 2024 lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì lórí ìtẹ́, wọ́n sì kéde Ọmọọba Adésuyì Haastrup ní Ọwá tuntun ní ìparí ọdún kan náà. Ìgbà tí adé bá pààrọ̀ orí ni ọwọ́ máa ń yára láti tún ààfin ṣe, ìgbà náà sì ni ohun púpọ̀ máa ń sọnù. Wọ́n dá Yunifásítì Iléṣà sílẹ̀ ní 2022, ti Ilé-Ifẹ̀ kò sì jìnnà. Bí àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè rin ìrìn díẹ̀ dé ààfin láti lọ wọn ògiri kí ó tó wó, kí ni a ń pè ní ìmọ̀?

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ náà láti Iléṣà títí dé Òṣogbo. Kò fèsì. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí lórí fóònù: “Ọ̀mọ̀wé, ìgbà wo ni a tún ń padà lọ? Mo ti ra okùn ìwọ̀n. Mo fẹ́ mọ bí omi ṣe ń jáde nínú àgbàlá kejì yẹn, nítorí mo wò ó, kò sí ibi tí ó ti dá rọ́gún.” Ẹnjiníà ni í ṣe, òkun ti dé ojú bàbá rẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ni ayé ń pè ní Òṣómàáàló. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kì í jókòó, wọn a lóṣòó, ó sì di ìgbà tí owó bá pé kí wọ́n tó dìde. Gbèsè wà lọ́rùn wa. Àwọn tí wọ́n kọ́ àgbàlá fún wa kò gba owó wa, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni wọ́n ní kí á san án fún. Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọmọ ìlú tí owó wà lọ́wọ́ yín, kábíyèsí kò ní kí á má bèèrè. Mo ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, n kò sì ní dìde.